Ẹ̀gbọ́n mi ti parí ìtọ́jú kánsà, kí ló tún kù tó ń wá lọ sí Òkè-Òyì?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Ọ́fà ní kánsà ọmú, wọ́n gé ọmú kan, ó gba kímò (oògùn tó ń pa kánsà), ó lọ gba iná (ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó kánsà) ní UCH n'Íbàdàn, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tó parí gbogbo ẹ̀. A ṣe ìdúpẹ́, gbogbo ẹbí pé. Àmọ́ ó ṣì ń gba owó ọkọ̀ lọ sí ọsíbítù n'Ílọrin, lápá Òkè-Òyì, ó ṣì ń lo oògùn tamoxifen, ojoojúmọ́ ló ń sọ pé ó rẹ òun, ọwọ́ òun ń wú, òun ò lè gún iyán mọ́. Ọkọ ẹ̀ ní òun ò rówó ọkọ̀ mọ́. Pásítọ̀ wọn ní ẹni tó bá ṣì ń lọ sí ọsíbítù lẹ́yìn ìdúpẹ́, àìsàn ló ń pè padà. Èmi tí mò ń fi owó ránṣẹ́ láti Tanke n'Ílọrin, kí n má parọ́, ó ti ń sú mi. Ṣé ó pọn dandan lóòótọ́ àbí ó kàn fẹ́ máa ṣe bí aláìsàn? Ẹ má bínú sí mi o.

* * *

Mi ò bínú rárá, àbúrò mi. Inú ilé púpọ̀ ni ìbéèrè yẹn wà, wọn ò kàn lè yanu sọ ọ́ ni.

Ó pọn dandan. Kó máa lọ.

Màmá mi ni mò ń bá lọ láti Òmù-Àrán, ọjọ́ ti pẹ́ tí ìtọ́jú tiwa ti parí, ọjọ́ tí wọ́n bá sì kọ sínú káàdì, a máa ń lọ. Ohun tí àwọn èèyàn ń rò ni pé tí wọ́n bá ti gé e, tí kímò ti tán, tí iná ti tán, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, bí ìgbà téèyàn ṣe ibà tán. Kánsà ọmú ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí họ́mónù obìnrin ń bọ́ lè dákẹ́ lọ fún ọdún 5, ọdún 10, ó ti padà lára àwọn kan lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 20. Èyí tí wọ́n ń pè ní triple negative, tí họ́mónù kì í bọ́, tó wọ́pọ̀ lára àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ju tàwọn òyìnbó lọ, tó bá máa padà, àwọn ọdún àkọ́kọ́ ló sábà máa ń yọjú. Tamoxifen tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń lò yẹn fi hàn pé ti họ́mónù ni tiẹ̀. Torí náà ọdún kejì kọ́ lèèyàn máa yọwọ́.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé kí dọ́kítà rí i ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síra wọn fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kó wá fẹ̀ sí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ní ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ọmú tó kù, mámógíráàmù lọ́dọọdún. Tí kò bá sí nǹkan kan tó ń ṣe é, skáànù gbogbo ara ní gbogbo ìgbà ò pọn dandan o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù gba owó yẹn lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní kílíníìkì yẹn kò pọ̀ lójú: wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á fọwọ́ kàn án láyà, lábẹ́ abíyá, lọ́rùn, wọ́n á wo ojú abẹ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń béèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́. Egungun tó ń ro ó tí kò lọ, ikọ́ tí kò tán, ara tó ń rù láìnídìí, ojú tó pọ́n bí epo, orí fífọ́ tí kò dá a sí, obìnrin ilé ò ní sọ ọ́ fún ọkọ tó ti sọ pé kó jẹ́ kí ara dá.

* * *

Mo ti ka àwọn tó dáhùn lókè. Ó lé lẹ́nì kan tó ní kó dá oògùn dúró, wọ́n ní oògùn òyìnbó tó bá pẹ́ lára ń ba kíndìnrín jẹ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gba obìnrin yẹn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ẹyọ kan lójúmọ́ ni tamoxifen, ọdún 5 ni wọ́n sábà máa ń fi lò ó, wọ́n máa ń ní kí àwọn míì lò ó dé ọdún 10. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí họ́mónù tó ń bọ́ kánsà yẹn rí ibi wọlé sí. Ẹni tó bá dá a dúró ní ọdún kejì torí pé ara ẹ̀ ti yá, ó ti ju apá tó pọ̀ nínú àǹfààní ẹ̀ nù. Mo mọ̀ pé ó ń nini lára. Màmá mi máa ń jí lóru, aṣọ ọrùn ẹ̀ á ti tutù fún òógùn, á fi omi nu ọrùn, á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, nínú oṣù kẹta tí gbogbo Kwara ń hó bí omi gbígbóná, tí kò tún sí iná NEPA. Ìyẹn ò ṣeé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ooru ń mú òun, kó lọ sọ fún dọ́kítà, wọ́n ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Kó má kàn dákẹ́ kó máa fo oògùn lọ́jọ́ kan lo ọjọ́ kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣọ́ ni ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó ti kúrò nínú nǹkan oṣù tó bá tún rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń lo tamoxifen, kó má dúró de ọjọ́ àpọ́íńtìmẹ́ǹtì, oògùn yẹn máa ń fa ìyọnu sí ilé ọmọ lára àwọn kan. Bákan náà ni tí iṣan ẹsẹ̀ kan bá wú, tó ń ro ó, tàbí tí mímí bá ṣòro lójijì, ọjọ́ yẹn náà ni kí wọ́n gbé e lọ, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì. Tí dọ́kítà míì bá sì fẹ́ kọ oògùn fún un, pàápàá oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kó kọ́kọ́ sọ pé tamoxifen lòun ń lò. Fluoxetine àti paroxetine máa ń dín agbára ẹ̀ kù.

* * *

Ọ̀rọ̀ iyán yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tó o kọ.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń yọ àwọn kókó kéékèèké abẹ́ abíyá, àwọn ló ń darí omi ara kúrò lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, tí iná tún ti kọjá níbẹ̀, omi á máa dúró sọ́wọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù bíi mélòó kan, ó lè di ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣe é bí eré. Télọ̀ màmá mi ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ gé apá òsì bùbá ẹ̀ kó fẹ̀ ju tọ̀tún lọ, ẹni tí kò bá mọ̀dí ẹ̀ á rò pé ó ran an wọ́. Tó o bá fẹ́ rí i fúnra ẹ, fi àtàǹpàkò tẹ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ díẹ̀, kó o ka ení èjì dé ìwọ̀n díẹ̀, kó o wá gbé e kúrò, wò ó bóyá ojú ibẹ̀ á jin kòtò.

Ẹni tó kọ̀wé lókè pé ẹni tí wọ́n gé lọ́mú ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan kan mọ́ láé, kódà kẹ́tù, èmi ò bá a lọ níbẹ̀. Àwọn dọ́kítà náà ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009, àwọn obìnrin tí ọwọ́ wọn ti wú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa gbé irin díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àbójútó, wọ́n ń fi kún un bó ṣe ń lọ, wíwú ọwọ́ náà ò burú sí i, agbára wọn tún pọ̀ sí i. Ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ rárá á gan ni. Kó máa fọ aṣọ díẹ̀, kó máa rokà kékeré, kó máa na ọwọ́ sókè lára ògiri bí físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, bá ṣe kọ́ ọ. Iyán gbogbo ilé ńkọ́? Ọmọkùnrin wà nínú ilé yẹn, kí wọ́n gún un. Mi ò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé obìnrin ló gbọ́dọ̀ dì mọ́ ọmọ odó.

Wọ́n máa ń fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ sí ọwọ́ tó bá wú, kí ẹ̀jẹ̀ dídì lè jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ẹ má gbà o. Ojú egbò kékeré lára ọwọ́ yẹn, ẹ̀gún oko, iná ààrò, abẹ tí wọ́n fi fá abíyá, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Tó bá ti fara gbọgbẹ́, kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kíá. Tí ọwọ́ bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà tẹ̀ lé e, kò gbọ́dọ̀ sùn sílé lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ BP, kí wọ́n lo ọwọ́ kejì tó bá ṣeé ṣe.

Ó sì yẹ kí dọ́kítà rí ọwọ́ yẹn kí wọ́n tó pè é ní wíwú lásán, torí pé ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí kánsà tó padà sí abẹ́ abíyá lè fa wíwú bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni físíò. Wọ́n á wọn ọwọ́ náà, wọ́n á ní kó wọ apá aṣọ kan tó máa ń fún un mọ́ra. Kó má lọ ra èyí tí kò bá a mu lójú pópó.

* * *

Àwọn tó ń bú pásítọ̀, ẹ rọra. Ìbínú ò ní gbé obìnrin yẹn dé kílíníìkì.

Èmi náà ṣe ìdúpẹ́, mo sì máa tún un ṣe. Àlùfáà kan wà ní àdúgbò wa n'Ílọrin tó jẹ́ pé tó bá ti ṣe wáàsí Jímọ̀ tán, á béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà bóyá oògùn wọn ò tíì tán. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ kéré. Nínú ìjọ tó wà l'Ọ́fà yẹn náà, ó dá mi lójú pé àwọn ìyá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń lo oògùn BP láàárọ̀ láàárọ̀, pásítọ̀ ò sì sọ pé rọpárọsẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ọ̀rọ̀ tí mo fi máa bá a sọ nìyẹn. Kí àgbà kan nínú ìjọ lọ bá a ní ìdákọ́ńkọ́, kó má jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ, torí ojú á tì í, kó má sì jẹ́ lójú àwùjọ. Kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàdúrà fún ìrìn àjò ẹ̀ sí Òkè-Òyì. Tó bá ti gbàdúrà sí i, ó ṣòro kó tún dá a dúró.

* * *

Lórí oúnjẹ, kí n yára sọ ọ́. Wọ́n ti ní kó má fẹnu kan ṣúgà, wàrà, ẹran, ẹja díndín, ìrẹsì. Kí ló wá kù? Kò sí ẹ̀rí pé ṣíbí ṣúgà kan nínú ẹ̀kọ ń jí kánsà dìde. Ohun tó yẹ ká máa wò ni ara tó ń sanra kọjá bó ṣe yẹ àti ọtí, ìwọ̀nyí ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Kó jẹ ẹ̀wà, kó jẹ ẹ̀fọ́, kó jẹ ẹja, kó jẹ wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri náà tó bá ti sè dáadáa.

Àgbo ńkọ́? Ẹni tó ń tà á ò mọ ohun tí tamoxifen ń ṣe nínú ara, dọ́kítà náà ò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n da méjèèjì pọ̀. Tó bá ti ń mu ún, kó gbé ìgò náà dání lọ sí kílíníìkì, kó má fi pa mọ́.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Ìgbájà nípa bàbá ẹ̀ tó ní kánsà pọ́síteètì (prostate), mo rí ọ̀rọ̀ yín, ó yàtọ̀ díẹ̀ sí ìbéèrè àmọ́ ó kan gbogbo wa. Ẹ ní bàbá parí ìtọ́jú, wọ́n ṣì ń gba abẹ́rẹ́, ooru ń mú wọn bí obìnrin, wọ́n máa ń sunkún, wọ́n ti kó kúrò ní yàrá ìyá.

Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń ṣe é. Ó ń dín họ́mónù ọkùnrin kù ni, torí òun ló ń bọ́ kánsà ti wọn. Ooru yẹn, ẹkún yẹn, agbára ọkùnrin tó lọ, gbogbo ẹ̀ ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ má jẹ́ kí ìyá rò pé bàbá ti kọ àwọn, tàbí pé ẹnì kan ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ wọlé bá dọ́kítà, kí ẹ̀yin ọmọ sì dúró síta. Egungun wọn náà lè máa fúyẹ́ nítorí abẹ́rẹ́ yẹn, torí náà ẹ wo ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ tó ń yọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn. Tẹ́ẹ̀sì PSA, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ bóyá kánsà yẹn ń padà, wọ́n máa ń ṣe é ní oṣù mẹ́fà sí ọdún kan síra wọn fún ọdún 5, lẹ́yìn ìyẹn lọ́dọọdún.

Èyí tún rán mi létí aládùúgbò wa kan tó ń hun aṣọ òfì. Kímò tó gbà jẹ́ kí ọmọ ìka ẹ̀ kú tipiri, kò mọ̀ tó bá di òwú mú tàbí kò dì í mú. Àwọn oògùn bíi paclitaxel máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣan ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Tàwọn kan máa ń lọ díẹ̀díẹ̀, tàwọn kan ń pẹ́. Ọmọ ẹ̀ ló ń bá a ta òwú báyìí, òun ló ń mú àwòrán wá, owó ṣì ń wọlé. Inú mi dùn sí ilé yẹn, torí wọn ò sọ pé kó lọ jókòó.

* * *

Ó yá, ká padà sí “ṣé ó kàn fẹ́ máa ṣe bí aláìsàn.”

Rárá o, àbúrò mi. Àárẹ̀ tí kímò àti iná máa ń fi sílẹ̀ lè gbé ara fún oṣù, fún ọdún, oorun kì í sì í lé e lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ lè sùn láti alẹ́ mọ́jú kó jí bí ẹni tó ti oko dé. Ó lè máa gbàgbé ṣéńjì oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ọjọ́ àpọ́íńtìmẹ́ǹtì bá ṣe ń sún mọ́lé, ó lè má lè sùn, torí ẹ̀rù pé wọ́n á ní ó ti padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní sọ èyí fún yín, torí ẹ ti pa màlúù, ẹ ti jó, ta ló fẹ́ ba ayọ̀ ẹbí jẹ́?

Àmọ́ kí ẹ má sì kàn pè é ní àárẹ̀ kímò kí ẹ fi sílẹ̀. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bóyá ó kéré, kí wọ́n sì béèrè nípa ọkàn ẹ̀. Kímò pupa yẹn, doxorubicin, lè dín agbára tí ọkàn fi ń tú ẹ̀jẹ̀ ká kù, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ kó tó hàn. Tó bá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń wú, kó sọ ọ́ kíákíá.

Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ìrìn ló máa ń dín àárẹ̀ yìí kù. Ìdajì wákàtí lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bá nira. Kí ẹnì kan máa bá a rìn. Ọmọ ẹ̀ lè bá a rìn lọ sọ́jà láàárọ̀ kó tó lọ síléèwé. Tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, kó padà síbẹ̀, kó máa ṣí i ní ìdajì ọjọ́ fúngbà díẹ̀.

* * *

Mo rí i pé o ti padà wá. O ní o ti bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, inú ẹ̀ ti rọ̀, àmọ́ owó ló ń bà á lẹ́rù, ó ní láti Ọ̀fà gba Àjàṣẹ́ dé Ìlọrin, kí wọ́n tún wọ mọ́tò míì lọ sí Òkè-Òyì, kí wọ́n tún lọ ra oògùn, owó yẹn ju agbára òun lọ. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Ọkùnrin tí owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà ìtọ́jú, ẹ má pè é ní ìkà.

Ohun tí àwa ṣe: gbogbo ọmọ ìyá ń dá owó kékeré lóṣooṣù, kò sẹ́ni tó dá jù, ọwọ́ ẹnì kan ló wà, oògùn àti ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe, wọn ò gbọ́dọ̀ yá a fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó. Tẹ́lẹ̀, ìwọ nìkan lò ń gbé e, ìdí nìyẹn tó fi ń sú ẹ. Pe àwọn yòókù. Ìwọ sì wà ní Tanke! Kó máa wá sùn sọ́dọ̀ ẹ lálẹ́ tó ṣáájú, kó lè dé kílíníìkì kí èrò tó pọ̀, kó má bàa jẹ́ pé òru ló fi kúrò l'Ọ́fà.

Òfin NHIA ti 2022, ìyẹn òfin inṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, ti sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ní inṣọ́ránsì ìlera. Tí kò bá sí lórí èyíkéyìí, ẹ lọ béèrè ní Kwara Care, inṣọ́ránsì ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, kí wọ́n sọ ní tààrà ohun tí wọ́n ń san àti ohun tí wọn kì í san, kí ẹ tó sanwó.

Ẹ ra ìwé àjákọ kan. Ẹ ní kí dọ́kítà bá yín kọ ọ́ síbẹ̀: irú kánsà tó jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, orúkọ kímò tó gbà àti iye ìgbà, iye ìgbà tó gba iná, oògùn tó ń lò báyìí, ìgbà tó máa parí, àti ìgbà tó yẹ kó padà wá. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù ẹni méjì. Mo ti rí i ní ọsíbítù kan tí wọ́n ní fáìlì ìyá kan ti sọnù, ọmọ ẹ̀ tó mọ gbogbo ìtàn náà ti kú, kò sí ẹni tó lè sọ irú kímò tí ìyá yẹn gbà.

Kó o bá a wọlé lọ́jọ́ yẹn, má jókòó síta. Àwọn obìnrin wa máa ń dé iwájú dọ́kítà kí wọ́n ní “ara mi le, a dúpẹ́.” Ìwọ ni kó o sọ pé ọwọ́ ń wú, pé ó ń rẹ̀ ẹ́, pé kì í sùn. Kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ yẹn lálẹ́ tó bá wá sùn sọ́dọ̀ ẹ, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kó tó di pé ilẹ̀ mọ́.

Tí ẹ bá ti rí físíò, jọ̀ọ́ padà wá sọ fún wa iye tí wọ́n ń ta apá aṣọ tó ń fúnni mọ́ra yẹn báyìí, ẹni tó kọ̀wé láti Ẹ̀rìn-Ilé lókè náà ń wá a fún ìyàwó ẹ̀.